Akódà Tó Ti Idà Bọlẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ogun tó ti tán láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tún padà wá jókòó sí pálọ̀ Ẹnjiníà Cornelius Mákánjúọlá ní Cypress, nítòsí Houston ní Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dìde. Bẹ́ẹ̀, wọn ò pe ogun síbẹ̀ o. Ìdílé Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n pè. Wọ́n gbé èso wá, wọ́n gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, wọ́n fẹ́ wá mọ ilé ọmọbìnrin tí Ọlákúnlé, ọmọ wọn, fẹ́ fi ṣaya.

Fúnmi ni ọmọbìnrin náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di àwo chin-chin ṣinṣin mọ́ àyà. Kì í ṣe ìtìjú ìyàwó ló ń ṣe é. Oyún oṣù méjì wà nínú rẹ̀, Ọlákúnlé nìkan ló sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọpo kan ní Deer Park láàárín ọ̀sẹ̀, díákónì ni lọ́jọ́ Sunday, ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ pé ọmọ òun tó bá gboyún kó tó gba òrùka, kó lọ wá bàbá mìíràn. Ẹni tó bá mọ Cornelius mọ̀ pé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ohun tí Fúnmi ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí wọ́n tètè gbà, kí wọ́n tètè dá ọjọ́, kí ikùn òun tó tú òun fó.

Nǹkan ń lọ dáadáa, títí Ládépọ̀ Ẹkúndayọ̀, bàbá Ọlákúnlé, fi dìde láti fi ara rẹ̀ hàn bí ọmọlúwàbí. Ó gbé agbádá sí èjìká, ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni Ládépọ̀ Ẹkúndayọ̀," ó ní. "Ọmọ Lékè Àbà Oyin, ọmọ ẹni tí idà kọ̀ tí kò pa."

Cornelius gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ní ọmọ ta?"

"Lékè. Lékè ti Àbà Oyin."

Ojú Cornelius yí padà. Helen, ìyàwó rẹ̀, fà á láṣọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fa òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Oúnjẹ wà, ẹ jẹun, ẹ mu. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè fẹ́ ọmọ yín."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọlákúnlé ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé òun ò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní Mákánjúọlá tí à ń jẹ́ yìí, akódà ni, òun ló ń gbé idà Balógun nígbà ogun Kírìjí. Wọ́n ní orí ni wọ́n bẹ́ ẹ, ọ̀ràn Lékè Àbà Oyin ló sì fà á. Lékè pààyàn, baba wa ló kú. Wọ́n ní ibi yòówù kí n ti pàdé ọmọ Lékè, n ò gbọdọ̀ bá wọn da nǹkan pọ̀."

"Daddy!" Fúnmi ò mọ ìgbà tí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀. "Daddy, that's a hundred years! Houston la wà!"

"Mo mọ̀ pé Houston la wà. Èmi ni mo mú ẹ wá síbí."

"Brother Cornelius," Ládépọ̀ ní, ó ti tún jókòó, agbádá ti já bọ́ léjìká rẹ̀. "Nínú Kristi, ohun àtijọ́ ti kọjá lọ."

"Ó ti kọjá lọ, àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ. Wọn ò lajú mọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

Fúnmi gbé àwo náà sórí tábìlì kó má baà fọ́ ọ. Ó wo Ọlákúnlé, Ọlákúnlé ò lè wò ó.

Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà, ìyá Ládépọ̀, gbé orí sókè lórí àga tí gbogbo wọ́n rò pé ó ti sùn sí. Láti ilé ló ti wá bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tọ́mọ. Ìyàwó ilé Ẹkúndayọ̀ ni, wọn ò bí i síbẹ̀, òun ló sì mọ oríkì ilé náà ju gbogbo àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, bó ti máa ń rí.

"Cornelius," ó ní, "òótọ́ ni bàbá ẹ sọ, àmọ́ ìdajì ni. Ìyá ọkọ mi fi ìdajì tó kù lé mi lọ́wọ́. Ta ló sọ fún yín pé Lékè pààyàn?"

Fúnmi jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tó wà. Bí Màmá Àgbà ṣe sọ ọ́ nìyí.

Lọ́dún náà, ogun ti pẹ́ débi pé ọmọ tí wọ́n bí sí ibùdó ti ń gbé ìbọn. Balógun Abógunrìn dó ti ìlú kan tí odi rẹ̀ ò ṣe é wó, ẹ̀tù ìbọn sì ń tán lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀tù ń gbà wọlé, ọ̀nà Àbà Oyin, abúlé àgbẹ̀ kékeré kan létí odò. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò máa ń sùn kí wọ́n tó wọ ibùdó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá Lùkúmọ̀n, ọmọ Ìlọrin tó ń ta ẹ̀tù, lórí ẹní nílé Lékè tó gbà á lálejò. Wọ́n ti dúńbú rẹ̀, wọ́n sì ti kó àgbá ẹ̀tù rẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó gun òkè, àwọn oníṣòwò yòókù ti dé ẹnu bodè ibùdó. Wọ́n ní kí Balógun fi orí apànìyàn han àwọn lọ́jọ́ ọjà, létí odò níbi tí ẹnìkejì àwọn kú sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ni àwọn yóò máa kó ẹ̀tù lọ.

Balógun pe ìgbìmọ̀. Mákánjúọlá akódà dúró lẹ́yìn rẹ̀, idà lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kì í sá fún ọta ni. Balógun fúnra rẹ̀ ló máa ń kì í pé, "Mákánjúọlá òpómúléró, ọkọ idà." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù bà á débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di idà náà kó má baà jábọ́. Òun mọ ẹni tó pa Lùkúmọ̀n.

Bíyìí ni, olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, tó jókòó láàárín ìgbìmọ̀ níbẹ̀, tó ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. Ní ìdájí ọjọ́ náà ló wá bá Mákánjúọlá pẹ̀lú ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀. Ó ní òun lọ ní kí Lùkúmọ̀n ya ẹ̀tù sọ́tọ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin òun kí àwọn tó kù tó dé, Lùkúmọ̀n kọ̀, ó sì bú ìyá òun mọ́ ọn. "Ìmùlẹ̀ mi," ó ní, "bò mí." Mákánjúọlá sì bò ó, ó gba ẹ̀wù náà, ó rì í mọ́lẹ̀.

Kí ni ì bá ṣe? Láti èwe ni àwọn méjèèjì ti mulẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n da omi sí i, wọ́n dojú bolẹ̀ mu ún, wọ́n sì pín obì inú rẹ̀ jẹ. Wọ́n ní, "Ohun tí o bá sọ fún mi, ikùn mi ni yóò kú sí." Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká sun abúlé náà," Jagun ní. "Ẹni tó ṣe é á jóná mọ́ ọn."

"Ta ni yóò wá máa fún wa níṣu?" Ọ̀tún dá a lóhùn. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tù là ń wá."

Bíyìí wúkọ́. "Ilé ta ni àlejò kú sí? Ilé Lékè ni. Kí la tún ń wádìí?"

Mákánjúọlá wo ẹ̀yìn orí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bíyìí ò yíjú padà. Balógun fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó mí kanlẹ̀.

"Ogun tí kò lẹ́tù, ijó ni," ó ní. "Ẹ lọ mú Lékè."

Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n kọrí sí Àbà Oyin. Balógun wà lórí ẹṣin, àwọn ìjòyè ogun tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò tò sẹ́yìn, Mákánjúọlá sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tí wọ́n so lọ́wọ́. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, oko tí wọ́n ti sun wà lápá ọ̀tún, oko tí igbó ti bò wà lápá òsì. Lékè ò bẹ̀bẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá bí ẹni tó fẹ́ kí ó yé òun fúnra rẹ̀.

"Mo fún un níṣu gbígbóná. Mo fún un ní ẹní mi, èmi sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi pa á?"

Mákánjúọlá gbọ́ ọ. Ó ń retí kí Bíyìí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé odò. Bíyìí ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa pátákò ẹṣin.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọ́n ń gbọ́ igbe obìnrin láti abúlé. Ìyàwó Lékè ló ń rọbí. Wọ́n fi Lékè sórí eékún nínú ẹrẹ̀. Òfin ibùdó ni pé akódà tó bá kọ iṣẹ́ tí Balógun fi idà rán an, òun ni yóò rọ́pò ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Kò sẹ́ni tó mọ òfin náà tó Mákánjúọlá, òun ló máa ń kéde rẹ̀. Ó gbé idà sókè. Obìnrin náà tún ké. Mákánjúọlá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ti idà bọ ilẹ̀ títí ó fi dúró fúnra rẹ̀.

"Mákánjúọlá," Balógun pè é, "kí ló dé?"

Kò dáhùn.

"Ṣé o mọ apànìyàn ni?"

Kò dáhùn.

"Mo fi Ògún bẹ̀ ọ́, sọ̀rọ̀. O mọ ohun tí o ń ṣe fún ara rẹ."

"Balógun, ẹnu mi ti wà lọ́dọ̀ ilẹ̀," Mákánjúọlá ní. "Ọwọ́ mi nìkan ló kù fún mi, kò sì ní pa ọkùnrin yìí."

Abógunrìn kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo ibùdó ló mọ ẹni tí akódà mulẹ̀ pẹ̀lú. Ó yíjú, ó wo Bíyìí, ó wò ó pẹ́, gbogbo ènìyàn sì wo ibi tó ń wò. Bíyìí ń wo odò. Kó dìde ni, kó sọ pé "èmi ni", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dìde. Balógun rò ó wò: bí Bíyìí bá kú, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ á tú ká, ogun á sì bàjẹ́. Akódà, òun lè rí òmíràn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníṣòwò ní orí làwọn fẹ́ rí, orí kan sì wà níbẹ̀ tó ti fa ara rẹ̀ kalẹ̀.

Wọ́n tú Lékè sílẹ̀. Wọ́n fi idà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé Mákánjúọlá kú bí ẹni tí ẹ̀rù ò bà. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé Lékè, tí okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ló kúnlẹ̀ tì í tó dì í léjìká mú. Ọwọ́ Lékè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí idà dé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n lé ìyàwó àti ọmọ Mákánjúọlá kúrò ní ibùdó. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn kò ju pé ọ̀ràn Lékè ló pa baba wọn, ohun tí wọ́n sì gbé lọ nìyẹn. Ní ìjà tó tẹ̀ lé e, ọta ìbọn ba Bíyìí láti ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀tá kankan ò sí. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Kó tó kú, ó ké orúkọ Lùkúmọ̀n, ó ké orúkọ Mákánjúọlá, báyìí ni òótọ́ ṣe dé Àbà Oyin. Ọmọ tí ìyàwó Lékè bí, ọkùnrin ni. Ẹkúndayọ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

"Cornelius," Màmá Àgbà ní, "ẹni tí ẹ ń sá fún látọjọ́ yìí, ẹni tí baba yín fi orí ara rẹ̀ rà ni. Ilé wa ò yéé wá yín."

Omi ń dà lójú Cornelius, kò sì nù ún. Ó dìde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ládépọ̀, Ládépọ̀ náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n fẹ́ẹ̀ forí gbára kí wọ́n tó dì mọ́ra. Helen bú sórin ìyìn. Ọlákúnlé ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ara tu Fúnmi, ó sì gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn láìmọ̀.

Ìgbà náà ló rí i pé Màmá Àgbà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òun lórí ikùn ni ìyá náà ń wò. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lọ́nà ọ̀fun.

"Ọmọ mi," ó ní, "mú mi lọ mumi."

Ní kíṣìnnì, Fúnmi bu omi, ìyá náà ò gbà á. Ó di etí síǹkì mú.

"Màmá, ẹ ò tíì parí ẹ̀."

"Mo ti parí ẹ̀."

"Please, Màmá. Mo rí yín. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ sọ fún mi."

Ìyá náà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oṣù mélòó ni?"

"Méjì."

"Olúwa mi o. Olúwa mi o." Ó sún mọ́ Fúnmi, orin pálọ̀ ṣì ń lọ. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ẹkúndayọ̀, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ò tíì gbẹ lára ọmọ náà tí Lékè fi gbé e lọ sétí odò. Ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó mu ẹ̀jẹ̀ akódà. Ó ní ọmọ Mákánjúọlá, ọmọ òun ni, ọmọ òun, ọmọ Mákánjúọlá ni. Ó ní ìyekan ni wọ́n títí ayé, ìyekan kì í sì í fẹ́ra. Àwọn tó bá fẹ́ra nínú wọn, kí ilẹ̀ yẹn gba àkọ́bí wọn."

Fúnmi fẹ̀yìn ti fìríìjì.

"Ká ní ìjà ni," Màmá Àgbà ní, "ìjà rọrùn. À bá bẹ̀bẹ̀, à bá fi ewúrẹ́ tu ilẹ̀. Kí la fi ń tu ìyekan? Mo fẹ́ gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ apànìyàn ni mo ṣe la ẹnu. Ìgbà tí mo dé ìdí ọ̀rọ̀, tó ku èyí, ni mo rí ibi tí ọwọ́ rẹ wà."

"Ilẹ̀ Àbà Oyin ló gbọ́ ọ, Màmá. Kì í ṣe ilẹ̀ Cypress. Ilẹ̀ ibí ò mọ̀ wá."

"Mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí, ọmọ mi."

"Ta ló tún mọ̀? Ṣé Daddy Ọlákúnlé mọ̀?"

"Ọkùnrin ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé ló ń fi lé ìyàwó ilé lọ́wọ́, kó lè máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Èmi nìkan ló kù." Ó gba ife omi náà wàyí, kò mu ún. "Mo ti fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá sọ ọ́ ní pálọ̀, ìgbéyàwó ò sí, bàbá rẹ á sì mọ ohun tó wà nínú rẹ. Bí o ò bá sọ ọ́..." Kò parí ìyẹn.

"Fúnmi!" Ohùn Cornelius ti pálọ̀ wá, ayọ̀ kún inú rẹ̀. "Wá o! Ìwọ là ń dúró dè!"

Ó lọ. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ ní bí wọ́n tilẹ̀ wà nílẹ̀ òyìnbó, òun á bèèrè bí wọ́n ṣe ń bèèrè nílé, ìgbà mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n fi agídí mú ọmọ.

"Fúnmi, ṣé ká gbà wọ́n?"

"Ẹ gbà wọ́n, Daddy."

"Ṣé ká gbà wọ́n?"

"Ẹ gbà wọ́n."

Màmá Àgbà ti dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fúnmi wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Fúnmi.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ṣé ká gbà wọ́n, ọmọ mi?"

"Ẹ gbà wọ́n, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ládépọ̀ ní kí gbogbo wọ́n di ojú, kí òun gbàdúrà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó so ilé méjì pọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ fún ilé tuntun, fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé Fúnmi lórí.

"Àkọ́bí yín á yè," ó ní. "Ẹ ò ní sunkún ọmọ."

Fúnmi pariwo àmín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi lajú láàárín àdúrà, tó sì ń wò ó.